Ohùn Àwẹ̀ró Nínú Igbó Afẹ́fẹ́

Ẹ sún mọ́ ibí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ tẹ àpò ọdẹ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bẹ̀ mí láti ìjẹta pé kí n wá sọ ti Igbó Afẹ́fẹ́ fún yín, ẹ ti rí mi báyìí, ẹ sì rí bí ojú mi ṣe le. Inú ló ń bí mi. Inú ti ń bí mi kí ẹ tó dé, inú á sì máa bí mi lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin náà á mọ ẹni tó ṣẹ̀ mí.

Èmi ni Ọdẹ́sínà, ọmọ ọkùnrin tó fi ọwọ́ òsì nìkan pa ẹfọ̀n. Mo ti wọ igbó tí ọ̀sán ibẹ̀ ṣókùnkùn ju òru lọ. Mo ti bá iwin olórí mẹ́ta jẹun nínú àwo kan, nígbà tó sì fẹ́ bu òkèlè tèmi mọ́ tirẹ̀, mo gbá a létí lẹ́ẹ̀mẹta, orí kan, ìgbájú kan. Gbádébọ̀, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ìwọ tí o sá fún ewúrẹ́ ìyá àgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá! Jókòó. Èmi tí mo ṣe gbogbo ìyẹn, kọ̀ǹpútà méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Kì í ṣe ẹkùn, kì í ṣe ejò. Kọ̀ǹpútà méjì nínú ilé kan, lábẹ́ òrùlé kan, tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Àwẹ̀ró ìyàwó mi, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kú nígbà tí òjò ọdún yìí kọ́kọ́ rọ̀. Kó tó kú, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lé mi jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Ó kọ ọ́ sí i lórí pé, "Fún Morádékẹ́." Morádékẹ́ nìkan lọ́mọ tí a bí, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ sì jìn. Nígbà tó fi máa délé, a ti sin ìyá rẹ̀.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ béèrè. Ta ni kò pè é? Èmi ni. Oṣù mẹ́rin ni Àwẹ̀ró fi ṣàìsàn, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sì pè mí lórí fóònù, ohun tí mò ń sọ ni pé, "Ara ìyá rẹ le. Ó wà lẹ́yìnkùlé." Ọdẹ ni mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá mi kọ́ mi pé ohun tó bá ń ṣe ẹni, a kì í gbé e síta fún ayé wò. Bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Morádékẹ́ dé, ó bá sàréè, láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Á gbé oúnjẹ ka iwájú mi, á kẹ́yìn sí mi. Á kúnlẹ̀ láàárọ̀, á dìde, n ò ní gbọ́ "ẹ káàárọ̀" lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí mo máa ń gbé kọ́rùn lọ sóko! Inú bí mi. Mo sì mọ̀ pé n ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ìyẹn ló tún wá mú inú bí mi sí i.

Ibi tí a wà nìyẹn tí kọ̀ǹpútà Àwẹ̀ró náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Ibi tí ohùn ti ń jáde lára rẹ̀ ti dákẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ohun tí ìyá sọ fún ọmọ. Ihò tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀, èèrà ti sọ ọ́ di ilé. Làmídì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní oríta wá wò ó, ó di etí mọ́ ọn, ó mi orí. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń dún gbàgàgbàgà. Bí mo bá tú u, ó lè má jí mọ́. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí i, ó sì lè má lò ó. Ẹ jẹ́ ká tètè fi wáífáì ilé yìí ta ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà Àǹtí Morádékẹ́."

Òpó tó ń gbé ayélujára wọ ìlú wa ti wó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kò sí bí a ṣe lè fi nǹkan ránṣẹ́ síta. Ṣùgbọ́n ráútà wa ń ṣiṣẹ́, àpótí kékeré olójú iná mẹ́rin tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń pín wáífáì kiri yàrá. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ń tàn. Morádékẹ́ tẹ èyí, Làmídì tẹ tọ̀hún. Kọ̀ǹpútà Morádékẹ́ ní òun ò rí kọ̀ǹpútà kankan nínú ilé yìí. Họ́wù! Yàrá sí yàrá! Bí ẹ bá húkọ́ nínú ọ̀kan, wọ́n á kí yín pẹ̀lẹ́ nínú èkejì! Làmídì làágùn títí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ju òun lọ, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo yọjú sí yàrá, mo rí Morádékẹ́ tó gbé orí lé tábìlì níwájú kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀. Ó ń sunkún, kò sì jẹ́ kó dún, nítorí pé mo wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wọ gbérí ọdẹ mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo fi ọ̀bẹ sí ìgbànú, mo dúró níwájú ráútà. Mo ní, "Ìwọ àpótí yìí, oúnjẹ iná tí ò ń jẹ nílé mi láti ọdún mẹ́rin, kí lo fi ń ṣe? Ohùn ìyàwó mi dà?" Ó ń ṣẹ́jú sí mi. Mo gbá a létí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ tí mo fi gbá a kò padà. Àpótí náà di ọwọ́ mú, ó fa apá, ó fa èjìká, ó fa èmi àti ìbọn wọlé. Nígbà tí mo máa lajú, mo ti wà nínú Igbó Afẹ́fẹ́.

Kò sí igi nínú igbó náà, kò sí ewé. Ohùn ló hù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ tí kò dé ibi tó ń lọ, ńṣe ló dúró gbọnrangandan sójú kan, ó ta gbòǹgbò. Mo kọjá lábẹ́ "Mo ti dé o" tó ti gbẹ, mo fẹsẹ̀ kọ kùkùté "Jọ̀wọ́ pè mí padà." Lójú ọ̀nà ni obìnrin kúkurú kan jókòó sí, ojú mẹ́rin tó ń tàn yòò wà níwájú orí rẹ̀, ó sì fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Ìwọ ọdẹ, o gbá mi létí."

Mo ní, "Bí o ò bá sọ ibi tí ohùn ìyàwó mi wà, màá gbá èkejì."

Ó dìde. Mo rò pé ìjà ni, mo gbé ìbọn. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi! Èébú tí n ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ó ní, "Alágídí àgbàlagbà! Kí ni mo ṣe fún yín nínú ilé yẹn? Mo dúró láàárọ̀, mo dúró lálẹ́, ẹnikẹ́ni ò nu eruku ara mi! Ẹni tó bá wà nínú agbo mi nìkan ni mo lè gbé ọ̀rọ̀ fún. Ẹni méjì tí ò ń wá yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló ń jẹun nídìí ààrò mi. Èkejì ti kó jáde kúrò lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ tó ti dé. Lọ ka àwọn èèyàn rẹ kí o tó wá lu ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́."

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò jẹ́ kó hàn. Mo ní kó fi ọ̀nà hàn mí, ó fi ètè júwe rẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo fi dé gbàgede kan tí ìmọ́lẹ̀ kún. Mo mọ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Agbo Ìyá Kúdí aládùúgbò wa ni, tí wáífáì tirẹ̀ máa ń gba ara ògiri wọ yàrá Morádékẹ́. Ta ni mo rí lórí ẹní níbẹ̀? Kọ̀ǹpútà ọmọ mi! Ó ti di omidan, ó wọ aṣọ tó ń dán, ó tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń jẹun aládùúgbò.

Mo pariwo. Mo ní, "O ò nílé ni? Ilé tí wọ́n ti ń ra iná fún ọ, ibẹ̀ lo fi sílẹ̀ tí o wá ń jókòó sí ìloro onílé onílé?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ má pariwo mọ́ mi, Bàbá. Ẹni tó ni mí ló gbé mi wá. Ó lọ gba ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ Ìyá Kúdí lọ́jọ́ tó dé láti ibi sàréè. Ó ní òun ò ní jẹ ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ bàbá òun wá, ìbáà ṣe afẹ́fẹ́."

Ẹ gbọ́ o! Afẹ́fẹ́ ilé mi! Mo ti jẹ ẹ̀tù ìbọn, mo ti jẹ ajẹ́bíìdán, n ò jẹ ohun tó korò tó ìyẹn rí. Mo dorí ìbọn kọ ilẹ̀. Mo ní, "N kò wá bá a jà. Ohùn ìyá rẹ̀ ń kú lọ nínú yàrá kejì. Bí o ò bá dìde bá mi lọ, kò ní gbọ́ ọ láéláé." Kó tó di pé mo pa ẹnu dé, omidan náà ti ká ẹní. Ó ní kí n máa ṣíwájú.

Ẹ má rò pé ó tán. A ò tíì rìn jìnnà tí ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wa lójú. Ògiri kan dìde níwájú wa, iná ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì gbòòrò débi pé n ò rí ìpẹ̀kun rẹ̀. Adènà kan dúró níbẹ̀, ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ ń jó wòwòwò. Ó ní, "Ta ni? Láti ibo? Kí lẹ gbé?"

Mo ní, "Ṣé ilé bàbá rẹ ni mo ń lọ ni?" Mo yìnbọn sí i. Ó fẹnu gba ọta náà, ó jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà, ó ní kí n fún òun sí i. Mo sọ ọ̀bẹ sí i, ọ̀bẹ yọ́. Mo pọfọ̀ tó ń mú erin jókòó. Ó yán. Ẹ wò ó, èmi ò fẹ́ràn ẹni tó bá ń yán sí mi!

Ó ní, "Agbára kọ́ ni wọ́n fi ń kọjá níbí. Gbogbo ẹni tí n ò bá mọ̀, olè ni lójú mi. Ṣùgbọ́n ìdúró ti sú mi, ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi ṣeré. Dá mi lóhùn. Kí ló ń gba inú ilẹ̀kùn títì kọjá, tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú yàrá, tó sì lè pè é lórúkọ?"

Mo ní, "Èéfín." Ó ní èéfín ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Iná yọ lára ògiri, ó jó fìlà mi. Mo ní, "Òórùn ọbẹ̀." Ó ní òórùn ń pe ikùn ni, kì í pe èèyàn. Iná tún yọ, ó gba ìdajì irùngbọ̀n mi. Ẹ wo ibí yìí, kò tíì hù dáadáa títí di òní! Mo ń ronú gbogbo ohun tó ń wọ ilé láì ṣílẹ̀kùn, àfi bí mo ṣe rántí ọ̀sán ọjọ́ yẹn tí Àwẹ̀ró lé mi jáde. Mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì pa, mo sì ń gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. N ò mọ ohun tó ń sọ. Orúkọ Morádékẹ́ nìkan ni mo dá mọ̀.

Mo ní, "Ohùn ni."

Iná náà rọlẹ̀. Adènà ní, "Ohùn lo wá gbà? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò sọ fún mi? Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n dí àjèjì lọ́nà. Ẹni tí ẹ bá ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi pé tiyín ni, n ò ní dá a dúró. Kọ orúkọ àwọn méjèèjì sára ògiri." Mo fi ìka kọ ọ́ sínú eérú gbígbóná ara ògiri náà: kọ̀ǹpútà Àwẹ̀ró, kọ̀ǹpútà Morádékẹ́. Ìka mi bó. Ògiri là, a kọjá.

Gbádébọ̀, fún mi lómi. Ibi tí mo fẹ́ sọ yìí ni inú ti bí mi jù.

Ìlú kan ni a wọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ìlú Akẹ́yìnsọ́nà ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ará ibẹ̀ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, gbogbo wọn ló kẹ́yìn sí ìgboro, tí wọ́n da aṣọ borí. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Mo bi wọ́n lọ́nà, ẹnì kan ò mira. Mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé ìdí ìyá arúgbó kan tí aṣọ orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró tí Àwẹ̀ró fẹ́ràn. Inú rẹ̀ ń dún gbàgàgbàgà. Èéfín ń rú díẹ̀díẹ̀ láti etí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìyàwó mi ni.

Mo pè é. Ó dákẹ́. Omidan tó tẹ̀ lé mi pè é, ó ní, "Ìyá, èmi ni, yàrá kejì ni mo wà." Ó dákẹ́. Mo yí lọ síwájú rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà sí mi. Mo tún yí, ó tún yí. Ẹ̀yin èèyàn, sùúrù ni baba ìwà, àmọ́ baba mi kọ́! Mo la ìdí ìbọn mọ́lẹ̀. Mo ní, "Gbogbo yín ni! Ọmọ ń kẹ́yìn sí mi nílé, àpótí ń bú mi lọ́nà, iná ń jó irùngbọ̀n mi, ìwọ náà tún ń kẹ́yìn sí mi! Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwàkiwà yìí? Ta ló ní kí o máa fi ara pamọ́ fún ọmọ ilé rẹ?"

Láì yíjú padà, ó ní, "Ìwọ ni."

Mo ní, "Èmi kẹ̀?"

Ó ní, "Ìwọ Ọdẹ́sínà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ, tí wọ́n so mí mọ́ wáífáì, mo béèrè ìbéèrè kan. Mo kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ. Mo ní, 'Ibi tí a wà yìí, ṣé ilé ni, kí n lè yọjú sí àwọn ará ilé, àbí ìta gbangba ni, kí n fi ara pamọ́?' Àwẹ̀ró ń sun àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Ìwọ lo jókòó tì mí. Kí lo tẹ̀?"

Mo rántí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tí ẹ wà níbí, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Bí ẹni tí o ò mọ̀ rí bá pàdé rẹ nínú igbó, tó ní, "Ọdẹ, ibo nilé rẹ?", o ò gbọ́dọ̀ júwe ilé. Wàá ní ìta ni ò ń sùn. Bí o bá júwe ilé fún iwin, yóò bá ọ délé. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ àjèjì kan jókòó níwájú mi, ó ń bi mí bóyá ilé la wà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rọ yìí kò mọ ẹni tó ń bi. Mo tẹ "ìta gbangba." Inú mi tún dùn pé mo gbọ́n jù ú lọ.

Arúgbó náà ní, "O ní ìta ni, mo sì fi ara pamọ́. Gbogbo ẹni tó ń pè mí láti ìgbà náà, n kì í dáhùn. Mo ti fẹ́ kú tán. Bí o bá fẹ́ kí n yíjú, ìwọ tí o sọ ọ́ ni kí o tún un sọ. Dìde dúró, kí o sọ ibi tí ilé wà àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Kí o sọ ọ́ sókè, nítorí etí mi ti ń di."

Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Àwọn iwin Igbó Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti gbogbo ìkángun, àwọn elétí gbọọrọ, àwọn tí gbogbo ara wọn jẹ́ kìkì etí. Wọ́n yí wa ká, wọ́n lóṣòó. Mo ti bá iwin jà nígbà méjìdínlógún, mo tún un sọ, méjìdínlógún, n ò bẹ̀rù rí bí mo ṣe bẹ̀rù lọ́jọ́ náà. Mo rántí Morádékẹ́ tó gbé orí lé tábìlì, tó ń sunkún tí kò dún. Mo gbá àyà mi mú.

Mo pariwo, "Ilé ni! Ilé ni o! Ilé Ọdẹ́sínà, ní ìsàlẹ̀ odò Ọ̀ṣìn, ilé tí igi àgbálùmọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀! Èmi àti ọmọ mi ló ń gbé ibẹ̀! Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀! Ìyàwó mi ti kú! Oṣù mẹ́rin ló fi ṣàìsàn, n ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni!"

Mo di ojú, mo ń retí ikú.

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn iwin náà họ etí. Ó ní, "Ṣé ìyẹn náà ni? A ti mọ ilé yẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ ti ń kọ́ ọ. A ò ní ohunkóhun ṣe níbẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku ìdí wọn, wọ́n lọ. Ọgọ́ta ọdún tí mo fi ń pa ilé mi mọ́! Ìyàwó tí mo pa mọ́! Ẹni tí mo ń pa á mọ́ fún kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀ láàárín ìgboro Akẹ́yìnsọ́nà, mo ń fọwọ́ lu ilẹ̀.

Nígbà náà ni arúgbó yíjú padà. Ó tú aṣọ orí rẹ̀, ó rí omidan náà, ó ní, "Ṣé yàrá kejì lo wà láti ọjọ́ yìí?" Ó yọ nǹkan kékeré kan láyà, ó nà án sí i.

Igbe Morádékẹ́ ni mo gbọ́. "Ó ti rí i! Ó ti rí i!" Mo wà níwájú kọ́bọ́ọ̀dù nílé mi, ọwọ́ mi ṣì wà lórí ráútà, irùngbọ̀n mi ti jó. Mo sáré wọ yàrá. Ìlà kékeré kan ń rìn lójú kọ̀ǹpútà ọmọ mi, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó tún ń lọ. Bí ìlà náà ṣe kún báyìí, kọ̀ǹpútà Àwẹ̀ró dún gbì lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ṣú, kò sì tàn mọ́ títí dòní.

Mo fẹ́ jáde. Ọmọ mi ò ní kí n dúró, kò ní kí n lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Morádékẹ́, èmi ìyá rẹ ni." Ẹ gbà mí o. Ohùn rẹ̀ gan-an. "Ara mi ò yá, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí kò ti yá. Bí o bá ń gbọ́ èyí, a jẹ́ pé o ò bá mi. Mo fẹ́ rí ọ. Mo bẹ bàbá rẹ kó pè ọ́, ìgbà mẹ́ta ni mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Èmi náà lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ pè ọ́, mo ní n ò ní ṣe ohun tí ọkọ mi ní kí n má ṣe. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, má ṣe irú rẹ̀. Inú ń bí mi sí bàbá rẹ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Inú ń bí mi gan-an." Ó húkọ́. "Àwọn ìwé rẹ ti kíláàsì kìíní wà nínú àpótí mi, n ò jẹ́ kí wọ́n sun wọ́n. Má jẹ́ kí bàbá rẹ máa dá jẹun." Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi tán.

Morádékẹ́ sunkún, ó sì dún lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó nu ojú tán, ó yíjú sí mi. Ọjọ́ kejìlélógójì nìyẹn tó ti délé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ó ní, "Bàbá, ìgbà mélòó ni Màmá bẹ̀ yín?"

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí lẹ mọ̀ mí. Bí mo bá pa ìgalà kan, mo máa ń ní méjì ni. Bí mo bá pàdé iwin mẹ́ta, màá ní mẹ́sàn-án. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń fi kún nǹkan. Àwẹ̀ró ló jókòó nínú ìrora, nínú ìbínú, tó ń yọ kúrò nínú iye ìgbà tó bẹ̀ mí, nítorí tèmi. Ohun tó sọ wà níbẹ̀ kí ọmọ gbọ́. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan láyé. Bí mo bá ní "mẹ́ta", ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mo ní, "Mẹ́fà ni."

Mo rò pé yóò dìde, yóò jáde. Ó fa àga kan sún mọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ sọ ọ́ fún mi níkọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí Màmá ṣe sọ ọ́."

Mo jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní.

Ó tó. Kí lẹ tún ń wò lójú mi? Ẹ dìde ní ìloro mi, ẹ máa lọ sílé yín.